Ẹ̀wù Sányán Ìdí-Àpáta

Ọrùn Láníhùn gùn, ó sì dúró ṣánṣán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ìlú Ìdí-Àpáta, ọrùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ojú. Àwọn obìnrin máa ń sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ gan-an ló yẹ kí ó máa dúpẹ́ pé òun rí irú ọrùn bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́. Láníhùn gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tó ti ń ṣe ọmọdé, ó sì gbà á gbọ́. Ohun tí wọ́n bá ń sọ fún ènìyàn nípa ara rẹ̀ lójoojúmọ́, agbára káká ni yóò fi gbọ́ òmíràn.

Ìgè, àbúrò rẹ̀, kò ní ọrùn tí ẹnikẹ́ni lè kì. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ni Ìgè mú wá sáyé, èyí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìgè. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, ó sì le nítorí ẹrù. Bí iṣu bá fẹ́ wálé láti oko, Ìgè ni. Bí òrùlé bá jìn, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbé igi, Ìgè náà ni. Kò sẹ́ni tó ń kì í fún un, òun náà kò sì retí kí ẹnikẹ́ni kì í.

Ní àkókò tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ilé àwọn ọmọ bàbá méjì yìí ni oyè Baálẹ̀ kàn, Láníhùn tó jẹ́ àgbà ni wọn yóò sì fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n oyè Ìdí-Àpáta kì í ṣe oyè tí ènìyàn ń jókòó jẹ. Ẹ̀wù sányán kan wà tí ìyàwó ẹni tó tẹ ìlú náà dó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ihò ọrùn rẹ̀ fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀wù náà sì wúwo bí ọmọ tí oorun ti gbé lọ. Ẹni tó fẹ́ jẹ Baálẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kùtù, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi, yóò sì rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ lọ sí ìdí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ fa ẹ̀wù náà sókè, ọwọ́ ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹ̀wù bá bọ́, tó kan ilẹ̀ lójú ọ̀nà, oyè ti lọ sí ilé mìíràn nìyẹn. Ilé tí ó bá sì bọ́ mọ́ lára lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò ní pè é sí oyè mọ́ láéláé.

Ẹ̀wù yìí ti bọ́ lára bàbá wọn rí. Láníhùn kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rántí bí bàbá òun ti padà wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú igbá omi tó ṣì kún, tó gbé e kalẹ̀ sí igun yàrá, tó sì jókòó tì í. Bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ jáde síta mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nítorí náà, kì í ṣe oyè nìkan ni Láníhùn ń wá. Ìtìjú bàbá rẹ̀ ló fẹ́ nù kúrò lójú ìdílé. Bí ẹ̀wù bá sì tún bọ́ lára òun náà, orúkọ ilé wọn ti parẹ́ nínú ọ̀rọ̀ oyè nìyẹn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀wù náà wá sílé rẹ̀ ni ó ti ń lá àlá kan. Bí oorun ọ̀sán bá ti fẹ́ gbé e lọ báyìí, yóò rí bàbá rẹ̀ tó ń rìn bọ̀ nínú kùrukùru, ẹ̀wù sányán lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀wù náà yóò dúró gbagidi, ṣùgbọ́n yóò dà bí ẹni pé kò sí èjìká kankan nínú rẹ̀. Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀. Yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, bí ẹni tó ń wá nǹkan, yóò sì kọjá lọ. Láníhùn á jí, á rí ẹ̀wù náà lórí igi tí wọ́n fi kọ́ ọ, á sì dà bíi pé ẹ̀wù náà ń mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló wá wòran. Àwọn obìnrin ń kì í, wọ́n ń wí pé, "Ọrùn tí Ẹlẹ́dàá dá fún ẹ̀wù nìyí! Ọrùn ló ń wọ ẹ̀wù!"

Ìgè ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Ó sọ ìdì igi kalẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu oyè. Ó wù yín o. Ṣùgbọ́n èjìká yín ni kí ẹ tọ́jú. Èmi tí mo ń gbé ẹrù mọ̀ pé ọrùn kì í gbé nǹkan kan."

Kò sí àrífín nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ìyìn ti wọ Láníhùn lára, ẹni tí ìyìn bá sì ti wọ̀ lára, ìmọ̀ràn á máa dún bí èébú létí rẹ̀. Ó dáhùn níwájú gbogbo wọn pé, "Ìgè, èjìká lásán ni ọ́. Ẹrù ni wọ́n dá ọ fún. Ìwọ máa gbé ẹrù rẹ, kí o fi ẹ̀wù sílẹ̀ fún àwọn tó lọ́rùn."

Ìgè dọ̀bálẹ̀ kí i bí ẹni pé ó fẹ́ lọ sùn, ó sì bá ọ̀nà abà rẹ̀ lọ. Kò padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò padà wá ní ọ̀sẹ̀ náà.

Òpó kan ṣì wà ní etí igbó tí wọ́n fẹ́ fi gbé àbáwọlé tuntun ró nítorí oyè náà. Ìgè ni ì bá gbé e. Nígbà tí Láníhùn rí i pé àwọn ènìyàn ti ń wo òpó náà, tí wọ́n sì tún ń wo òun, ó ní ṣé nítorí igi lásán ni? Ó lọ gbé e fúnra rẹ̀. Ó gbé e dé orí òkúta tí ewédò ti bò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi èjìká òsì lulẹ̀. Ohun kan dún pẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí ni wọ́n gbé e lọ. Arúgbó yìí ló ń to eegun fún gbogbo agbègbè náà, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ó fi àtàǹpàkò rọra wá a láti kòtò ọ̀fun, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sí ọ̀nà èjìká, títí Láníhùn fi ké.

Ìyá náà ní, "Òun nìyẹn. Eegun èjìká ni. Ìwọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún kan ti apá kejì tó ṣì dá ṣáṣá, kí o mọ̀ ọ́n. Ṣé o rí i bó ti tín-ín-rín tó? Òun ló nà láti àyà lọ dé èjìká, òun ló ń ti èjìká síta kí ó má baà wó mọ́ ọ láyà. Òpó ilé lo lọ gbé, òpó ara rẹ lo wá ṣẹ́."

Láníhùn fi ọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì ronú kan eegun yìí rí. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀wù ńkọ́? Ṣebí ọrùn mi kò ṣe nǹkan kan."

"Ọrùn kẹ̀?" Ìyá Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín débi pé òrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Ọmọ mi, inú ihò ni ọrùn ń gbà kọjá. Orí eegun tó o ṣẹ́ yìí ni ẹ̀wù ń jókòó lé."

Ó fi òrí pa á, ó fi ọ̀já gba abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó fà á sẹ́yìn kí àyà rẹ̀ lè là, ó sì dì í. Lẹ́yìn náà ni ó mú àgbébọ̀ adìẹ kan, ó ṣẹ́ eegun apá rẹ̀ òsì, ó sì di ìyẹn náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń to eegun ti máa ń ṣe. Bí eegun adìẹ bá ti ń jinná sí, bẹ́ẹ̀ ni ti ènìyàn. Ó ní, "Ọjọ́ tí adìẹ yìí bá fò gun orí ọgbà ni n óò tú ọ. Àwọn ọmọ ìkókó tí eegun yìí ń ṣẹ́ fún nígbà ìbí kì í pẹ́ jinná, nítorí wọn kò ní oyè tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ìwọ ni kí o ní sùúrù."

Báyìí ni Láníhùn dẹni tó ń dùbúlẹ̀ nílé ìyá náà. Ọyẹ́ ti dé. Ojú ọ̀run funfun, igi funfun, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú kò ju òjìji lọ. Oorun àti ojú lílà wá dàpọ̀ mọ́ ọn lójú. Nígbà mìíràn, kò mọ̀ bóyá ohùn àwọn tó ń kọjá lóde ni òun ń gbọ́ ni àbí ohùn tó wà nínú àlá. Bàbá rẹ̀ ń kọjá, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Àgbébọ̀ náà a sì máa rìn kiri níwájú rẹ̀ pẹ̀lú apá dídì, yóò dúró, yóò wò ó, àwọn méjèèjì yóò sì máa wo ara wọn bí ẹlẹ́wọ̀n méjì.

Ọjọ́ oyè ń súnmọ́lé, kò sì ṣeé sún síwájú, nítorí àárín ọyẹ́ ni ọjọ́ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí Ìyá Ẹfúnyẹmí ti lọ já ewé, Láníhùn la ojú, ó sì rí adìẹ náà lórí ọgbà. Ó dúró sókè pátápátá, ó ń wo ayé. Ayọ̀ gbé Láníhùn dìde. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó fi eyín àti ọwọ́ ọ̀tún tú ọ̀já náà, ó sì na apá òsì sókè bí ẹni tó ń wọ ẹ̀wù. Ohun kan tún dún pẹ́ẹ́.

Nígbà tí ìyá náà dé, ó bá a lórí ìjókòó, omi ń dà lójú rẹ̀. Láníhùn na ìka sí adìẹ náà. Ìyá wo adìẹ, ó wo ìdì igi ìdáná tí wọ́n tò ti ọgbà láti ilẹ̀ dókè bí àkàsọ̀.

Ó béèrè pé, "Ṣé o rí i nígbà tó ń fò ni, àbí ìgbà tó ti wà lókè lo rí i?"

Láníhùn ká ìka tó nà padà.

"Ẹsẹ̀ ló fi gùn ún, ọmọ mi. O rí ẹni tó wà lókè, o kò bi ara rẹ léèrè ohun tó gbé e débẹ̀." Ó jókòó tì í, ó sì tún un dì. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ pọ̀ ju ìbínú lọ. "N óò tò ó, yóò sì jinná. Ṣùgbọ́n kò lè jinná kí ọjọ́ oyè tó pé. Wọn kò sì ní jẹ́ kí ọ̀já wà lábẹ́ ẹ̀wù yẹn. Èjìká òsì rẹ yóò wó sílẹ̀ ni, ẹ̀wù yóò sì gba ibẹ̀ lọ. Àfi tí o bá rí èjìká ẹlòmíràn yá."

Àwọn méjèèjì mọ èjìká tí ìyá náà ní lọ́kàn. Láníhùn yí ojú sí ògiri. Ojú ń tì í débi pé kò mọ irú ọ̀rọ̀ tó lè rán sí abà. Bí ó bá ní kí wọ́n sọ fún Ìgè pé òun ṣẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kéré. Bí ó bá ní kí ó wá, àṣẹ ni yóò jọ. Ó ronú títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí ìyá náà bá òun ya etí aṣọ àtijọ́ bàbá wọn kan tí òun ń fi bora, kí ó fi di apá àgbébọ̀ náà lákọ̀tun, kí ó sì gbé e lọ fún Ìgè nígbà tó bá tún ń lọ já ewé.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan, ìyá. Ẹ ní kí ó wò ó."

Ìyá Ẹfúnyẹmí gbé àrokò náà lọ. Nígbà tó padà, ó ní Ìgè gba adìẹ náà lọ́wọ́ òun, ó wo aṣọ tó wà lápá rẹ̀ títí, ó fún òun ní iṣu, ó sì wọlé lọ. Kò fèsì. Láníhùn retí èsì lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ oyè pé. Ìkùukùu nípọn débi pé ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa bó bá nà án. Àwọn àgbà ti lọ dúró síbi àpáta pẹ̀lú Ọ̀dọ̀fin, ẹni tó jẹ́ olórí afọbajẹ ìlú. Àwọn ará ìlú tò sí etí ọ̀nà méjèèjì, ṣùgbọ́n ikọ́ wọn nìkan ni ènìyàn ń gbọ́. Wọ́n tú ọ̀já lára Láníhùn, wọ́n wọ ẹ̀wù sányán náà fún un, wọ́n gbé igbá omi lé e lọ́wọ́, wọ́n sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn, òun nìkan ló kù.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀wù náà wúwo ju bó ti rántí rẹ̀ lọ. Ó gbé ọrùn sókè, ọrùn náà kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Lápá òsì, ó ń gbọ́ bí ẹ̀wù ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń kúrò lórí èjìká, tó ń bọ̀ wá sí ìgbọ̀nwọ́. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún, omi dà nínú igbá. Ó dúró, ẹ̀wù náà kò dúró. Níwájú rẹ̀, nínú funfun tí kò lópin yẹn, ó rí bàbá rẹ̀ kedere bó ti ń rí i lójú àlá. Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ̀rù ba Láníhùn gidigidi, òun náà sì wo òsì.

Ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó ti inú ìkùukùu jáde láìsọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ apá òsì Láníhùn, ó sì nà ró díẹ̀díẹ̀. Èjìká náà gbòòrò, ó gbóná, òórùn èéfín abà sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀wù tó ti ń lọ jókòó padà.

"Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," Ìgè sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ń lọ. Èjìká kan ti ẹ̀gbọ́n, èjìká kan ti àbúrò, ẹ̀wù kan lórí méjèèjì. Àwọn tó wà létí ọ̀nà rí òjìji ẹ̀wù ńlá tó ń kọjá, wọ́n ń hó, wọ́n ń kì ọrùn Láníhùn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Láníhùn ń gbọ́ ọ, ó sì dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kì.

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kan òkúta, tí wọ́n gbọ́ ohùn àwọn àgbà níwájú, Ìgè dúró. Ó ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ̀wù ti jókòó dáadáa báyìí, yóò gbé yín dé iwájú wọn bí ẹ bá yára. Ẹ jẹ́ kí n padà kí oòrùn tó ká ìkùukùu, wọn kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wà níbí."

Òótọ́ ni. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù. Bí Ìgè bá padà, Láníhùn lè sáré dé, oyè á di tirẹ̀, ìtìjú bàbá rẹ̀ á parẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ohunkóhun láé. Bí Ìgè bá sì dúró, àwọn àgbà lè sọ pé òfin ti bàjẹ́, kí wọ́n ti ilé wọn mọ́ ìta títí láé. Láníhùn rò ó wò. Ọkàn rẹ̀ dàrú, n kò ní parọ́ fún yín. Lẹ́yìn náà ni ó la ohùn sókè, tí gbogbo ibi àpáta fi gbọ́.

"Ìgè, ọmọ bàbá mi, má lọ. Mo ní èjìká lásán ni ọ́. Bí èjìká yìí bá kúrò báyìí, ìhòòhò ni mo wà."

Wọ́n jọ jáde síwájú àwọn àgbà. Ariwo sọ. Àwọn kan ní èèwọ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwọn kan ní kí wọ́n dá wọn padà. Ọ̀dọ̀fin gbé ọwọ́ sókè, ó sì súnmọ́ wọn, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó wo ilẹ̀ ní ìdí ẹ̀wù náà, kò sí eruku lára rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn Ìgè, ó sì rí i pé Ìgè ti di ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì mọ́ra wọn lẹ́yìn. Okùn kọ́ ni ó fi dì wọ́n, aṣọ àtijọ́ bàbá wọn tó wà lápá adìẹ nì ni.

Ọ̀dọ̀fin ní, "Òfin sọ pé ẹ̀wù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Kò kan ilẹ̀. Òfin sọ pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ wá wo ọwọ́ níbí." Ó fi aṣọ nu ojú. "Mo wà níbí lọ́jọ́ tí ẹ̀wù yìí bọ́ lára bàbá yín. Ọrùn rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ. Ó ti bá gbogbo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ jà kí ọjọ́ náà tó pé. Ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, kò sì rí ẹnì kan."

Láníhùn bú sẹ́kún níbẹ̀, pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, kò sì tijú rẹ̀. Àlá náà kò tún padà wá bá a mọ́. Ó jẹ Baálẹ̀ títí ó fi darúgbó, nígbàkigbà tó bá sì fẹ́ wọ ẹ̀wù sányán náà, ìjókòó méjì ni wọ́n máa ń gbé síta.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ló di èyí tí àwọn àgbà fi ń kí ẹni tó dúró ti ẹni rẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ì bá tì í, tí wọ́n á ní: èjìká ni kì í jẹ́ kí ẹ̀wù ó bọ́.